Ìyá Tó Padà Lọ Kan Àwọn Ilẹ̀kùn Tí Kò Ṣí: Ìgbésí Ayé Màmá Ẹ-Tún-un-Kàn (1947–2023)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 1947, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, ní òpópónà tí àwọn aláṣọ pọ̀ sí, ni a bí ìyá wa, ẹ̀gbọ́n wa, olùkọ́ wa, tí tilé-toko mọ̀ sí Màmá Ẹ-Tún-un-Kàn. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ télọ̀, ọmọ ọmọ télọ̀. Ìyá wọn jẹ́ agbẹ̀bí tí wọ́n ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà náà títí dé ìpẹ̀kun rẹ̀. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń to nǹkan Rẹ̀: baba ń fi téèpù wọn ara èèyàn, ìyá ń gba èèyàn wọ ayé, ọmọ tí àwọn méjèèjì bí ló wá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá bí a ṣe ń wọn ohun tí kò ní gígùn, tí kò ní ìbú, tí ojú kò sì rí. Ó ń ya àwa ẹbí lẹ́nu títí di òní.

Ìtàn kan wà tí kò sí ẹni tó mọ Màmá tó lè fò ó. Ní ọdún 1957, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń lọ gbé iṣẹ́ aṣọ àwọn ọmọ fún bàbá wọn. Àwọn olùkọ́ ló wọn àwọn ọmọ náà, wọ́n kọ nọ́ńbà ránṣẹ́, Bàbá sì gé aṣọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Nígbà tí aṣọ dé, gbogbo rẹ̀ pátá ló kúrú díẹ̀, èyí kò kúrú ju ìyẹn lọ. Bàbá bínú. Wọ́n na téèpù lé aṣọ kan, wọ́n tún un nà, nọ́ńbà kan náà ni. “Ẹ wò ó,” ni wọ́n ń wí, “téèpù mi kì í sọ ọ̀tún kó tún sọ òsì. Àwọn olùkọ́ yẹn ni ò mọ ọmọ wọ̀n.” Màmá, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, lọ mú rúlà wá látinú àpò ìwé wọn, wọ́n sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù. Orí téèpù náà ti já tipẹ́, ínṣì àkọ́kọ́ ti bọ́ sọnù. Nítorí pé téèpù kan náà ni Bàbá fi ń wọn oníbàárà tí wọ́n tún fi ń wọn aṣọ, àṣìṣe náà kò hàn rí, àfi ìgbà tí nọ́ńbà ti ibòmíràn wá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ra téèpù tuntun, wọ́n sì tú ìṣẹ́tí gbogbo aṣọ náà kí wọ́n lè fà á gùn.

Ní ọdún 1960 Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n parí ní 1965, wọ́n ṣiṣẹ́ olùkọ́ díẹ̀, wọ́n sì wọ yunifásítì ní 1967. Ìrètí ẹbí ni pé dókítà ni wọn yóò dà. Nígbà tí wọ́n wálé fún ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ni àwọn ń kọ́. Àbúrò bàbá wọn, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ló kọ́kọ́ là á: “Ọkàn kẹ̀? Kí lo máa fi wọ̀n ọ́n, kìlógíráàmù ni àbí gálọ́ọ̀nù?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìbéèrè gidi ni, àti pé àwọn ọ̀mọ̀wé tí àwọn bá pàdé kò béèrè rẹ̀ dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní yunifásítì yẹn ni Màmá ti pàdé Ọ̀jọ̀gbọ́n tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ọ̀gá. Baba kúkúrú ni, ohùn wọn kò ga, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ kíláàsì, ẹni tó fẹ́ wúkọ́ yóò gbé ikọ́ mì. Ọ̀gá ló rí Màmá, tí wọ́n fún wọn ní tábìlì kan nínú ọ́fíìsì tiwọn, tí wọ́n sì kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ bíbí inú ẹni. Iṣẹ́ ńlá tí Ọ̀gá ṣe láyé ni ìwé ìbéèrè kan tí a fi ń wọn ayọ̀ àti ìbànújẹ́. Ṣé inú yín dùn? Ṣé ara yín balẹ̀? Ṣé ẹ ní ìrètí? Ẹni tí a bá bi yóò mú ìdáhùn kan nínú márùn-ún, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èèyàn lè ṣe é lónìí, kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iye kan náà ni yóò jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Kò rọrùn láti rí òṣùwọ̀n ọkàn tí kì í yí ohùn padà, torí ọkàn èèyàn kì í dúró sójú kan bí igi.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, Màmá fẹ́ bàbá wa, atẹ̀wé tí ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ìwé ìbéèrè ló so wọ́n pọ̀. Màmá a gbé iṣẹ́ wá, bàbá wa a to lẹ́tà tán, Màmá a tún sáré dé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bàbá wa máa ń sọ pé kí àwọn lè sinmi ni àwọn ṣe fẹ́ obìnrin náà, ṣebí bó bá di ìyàwó ilé, yóò ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kí iṣẹ́ tó dé orí ẹ̀rọ. Asán ló já sí. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n tún ti ń pààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn, a kò sì gbọ́ kí wọ́n jà sí ohunkóhun tó ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lọ.

Ọdún 1984 ni ọ̀rọ̀ wúwo. Ilé ìwòsàn àwọn abiyamọ ní ìlú tí yunifásítì wà ní yàrá kan ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Yàrá náà kò ní ohun àrà kankan: fèrèsé méjì, àga onítìmùtìmù, ibùsùn ọmọdé, àti nọ́ọ̀sì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti jókòó. Ìyá tó bímọ tán tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, tí kò mọ ohun tó ń ṣe òun, lè wá síbẹ̀ kí nọ́ọ̀sì bá a gbé ọmọ díẹ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n dákẹ́. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo ìlú. Ìgbìmọ̀ alákòóso ilé ìwòsàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wúlò, torí wọn kò rí ibi kó àwọn ibùsùn tó ti kán sí. Wọ́n gbé ìwádìí náà fún Ọ̀gá, Ọ̀gá sì fi Màmá ṣe igbákejì.

Wọ́n gbé ìwé ìbéèrè Ọ̀gá lọ sí gbọ̀ngàn tí àwọn ìyá ti ń wá wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n láràárọ̀. Ìyá lẹ́yìn ìyá dáhùn. Inú wọn dùn. Wọ́n tún bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, inú wọn ṣì dùn, bákan náà gẹ́lẹ́. Ọ̀gá kọ èsì rẹ̀ pé àlàáfíà ni àwọn abiyamọ ìlú náà wà. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́, wọ́n sì ní ní ìparí oṣù ni àwọn yóò kó àga yẹn jáde, tí ibùsùn kíkán yóò wọlé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ọkàn Màmá balẹ̀. Àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Kékeré, bí ọmọkùnrin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Àǹtí Kékeré wà lára àwọn tí a bi ní gbọ̀ngàn, kò sì sí ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ dùn tó tiwọn. Ṣùgbọ́n Màmá máa ń yà sọ́dọ̀ wọn bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ a mọ́ tónítóní, aṣọ rẹ̀ a ti gbẹ, a ti ká a jọ. Àǹtí Kékeré a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú yàrá tí a kò ta aṣọ fèrèsé rẹ̀ sókè, irun wọn kò rí ìyarun, ojú wọn ń wo ògiri. Ní ọjọ́ kan Màmá jókòó tì wọ́n.

“Ṣé ìwọ lo sọ pé inú rẹ dùn gan-an?”

“Èmi ni.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Àǹtí Kékeré kò gbé ojú kúrò lára ògiri. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni kí n sọ fún pé inú mi ò dùn? Wọ́n ṣì ń kí mi kú ewu ọmọ. Ẹni tí Ọlọ́run fún lọ́mọ, tó tún ní inú òun ò dùn, kí ni wọ́n máa pè é?”

Màmá sọ fún wa pé ìgbà yẹn ni ẹ̀rù iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ba àwọn. Àbúrò wọn kò purọ́. Bí ọmọ tí a kọ́ ṣe ń dá àgbà lóhùn ló ṣe dáhùn. Bí a bá sì bi í lójoojúmọ́ títí ọdún yóò fi parí, ohun kan náà ni yóò máa sọ, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa rì lọ. Màmá rí i kedere pé òṣùwọ̀n lè máa sọ ohun kan náà láìyẹ̀, kó má sì sọ nǹkan kan nípa ohun tí a gbé e wá wọ̀n. Ìparí oṣù sì ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti yàrá náà pa, kò sí ibi tí wọ́n lè mú àbúrò wọn lọ.

Bí wọ́n ti ń ro èyí ni ìbéèrè kejì dé: àwọn wo gan-an la bi? Àwọn tó wá wọn ọmọ ní àárọ̀ ni. Ìyá tó lè dìde, tó wẹ̀, tó múra, tó gbé ọmọ, tó sì rìn dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí kò lè kúrò lórí ibùsùn ńkọ́? A kò bi í, síbẹ̀ a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlàáfíà ló wà. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ, tó ń bi àwọn tó ń jáde bóyá ebi ń pa wọ́n, ṣé a nílò kó wá ròyìn fún wa?

Màmá gba orúkọ gbogbo ìyá tó bímọ ní ilé ìwòsàn náà ní ọdún yẹn. Bàbá wa gé pépà kéékèèké, wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i, nọ́ńbà kan fún ìyá kan, wọ́n dà wọ́n sínú garawa, wọ́n rò wọ́n pọ̀, Màmá sì ṣẹ́ kèké. Olówó, mẹ̀kúnnù, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí kì í kí èèyàn, inú garawa kan náà ni gbogbo wọ́n wà. Títí Màmá fi dàgbà, tí àrùn orúnkún fi dé, ọ̀rọ̀ garawa yẹn kò yé yà wọ́n lẹ́nu: pé ọwọ́ tí kò wojú ẹnikẹ́ni, tó kàn bu ìwọ̀nba èèyàn, lè gbọ́ ohùn odidi ìlú, nígbà tí ẹni tó bi ẹgbàágbèje ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo kò ní gbọ́ ju ohùn ẹnu ọ̀nà náà lọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn iṣẹ́ ìyanu tó ṣojú ẹni. Àwa tí a gbọ́ ọ náà, a kò tíì rí i rò tán.

Wọ́n wá kọ ìbéèrè tuntun. Kò sí “inú yín” níbẹ̀ rárá. Nígbà wo lẹ ya irun yín kẹ́yìn? Bí ọmọ bá sùn, ṣé ẹ̀yin náà máa ń sùn? Ta lẹ bá sọ̀rọ̀ lánàá, yàtọ̀ sí ọmọ? Ìbéèrè tí ìdáhùn ọlọ́wọ̀ rẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Bàbá wa tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un tẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì gbé e lọ sílé àwọn ìyá tí kèké mú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yára padà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé wọn kún, kò sí àlàfo kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ tó bá mọ́ jù máa ń fu Màmá lára. Àṣà wọn sì ni láti mú díẹ̀ nínú ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ, kí àwọn náà lọ bi, kí wọ́n wò ó bóyá ìdáhùn méjèèjì bára mu. Ní ilé àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ júwe fún wọn, obìnrin kan jáde tòun ti irin ìlọṣọ lọ́wọ́. Màmá kí i kú ewu ọmọ. Obìnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún wo Màmá. “Ewu ọmọ wo, Màmá? Àbíkẹ́yìn mi ti wà ní kíláàsì kẹta.”

Ọ̀rọ̀ tú síta. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kan ilẹ̀kùn tí kò ṣí, ó ti bi ará ilé kejì, kí ìwé lè kún. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ tọkàntọkàn, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni: “Màmá, ilẹ̀kùn ò ṣí. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì kóni mọ́ra.” Màmá kò bínú. Wọ́n ní: “Ẹni tó kóni mọ́ra kọ́ là ń wá. Ẹ tún un kàn.” Bí wọ́n ṣe gba orúkọ yẹn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sì rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ara wọn lójú, wọ́n wọ bàtà, wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, wọ́n kàn án lọ́sàn-án. Wọn kì í pariwo. Wọn a kàn án, wọn a sọ ẹni tí àwọn jẹ́, wọn a sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn kan ṣí lẹ́yìn tí ọmọ inú ilé ti sunkún títí tó fi sú u. Òmíràn ṣí bí ìka méjì, ojú kan yọ. Lẹ́yìn àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn ni Màmá ti rí ohun tí gbọ̀ngàn àárọ̀ kò fi han ẹnikẹ́ni: ìyá tí kò sùn, ìyá tí kò jẹun, ìyá tó ń ro èrò tí a kò ní kọ síhìn-ín nítorí ọ̀wọ̀ tí a ní fún wọn. Ìlú tí a ti kọ sílẹ̀ pé ó wà ní àlàáfíà ń sunkún láìfọhùn.

Ọjọ́ ti lọ. Ìgbìmọ̀ kò ní gba ọ̀rọ̀ igbákejì lórí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Màmá kò sì jẹ́ gba ẹ̀yìn baba lọ ba baba jẹ́. Wọ́n lọ bá Ọ̀gá nílé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá ní: “Ìgbà èwe mi ni mo fi ṣe ìwé yẹn. Ṣé ìwọ náà ni wàá fọ́ ọ mọ́ mi lórí?”

Màmá kò jiyàn. “Ẹ má bínú, Baba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ilé kan ṣoṣo. Ìwé tiyín ni ká mú dání.”

Ìyá ọ̀dọ́ kan ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ó kí Ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún wọn ní àga tó dáa jù, òun jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá ka ìbéèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé inú yín dùn? “A dúpẹ́, Baba.” Ṣé ara yín balẹ̀? “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, sà.” Ṣé ẹ ní ìrètí? “Kò séwu, sà.” Ọ̀gá rò ó pọ̀, iye tó jáde ga, wọ́n sì wo Màmá bí ẹni tó fẹ́ wí pé ṣé o rí i. Màmá fa àga tiwọn sún mọ́ obìnrin náà. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá ọmọ, bí ọmọ bá sùn, ṣé ẹ̀yin náà máa ń sùn?”

Obìnrin náà fa ọmọ mọ́ra. Ó wo ọmọ. Ó wo Ọ̀gá. “Rárá,” ló wí. “Mo máa ń ṣọ́ ọ ni. Ó máa ń ṣe mí bíi pé tí mo bá dijú pẹ́nrẹ́n, ó máa kú. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.” Ẹkún gbé e. Màmá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá jáde, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n bọ́ fìlà. Nígbà tí Màmá bá wọn níbẹ̀, wọn kò gbé ojú sókè. “Ẹ̀kọ́ ilé,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀kọ́ ilé ni ìwé mi ń wọ̀n. Ó sì ń wọ̀n ọ́n dáadáa, kò ṣì í wọ̀n rí.” Wọ́n wá fi kún un pé: “Ẹ̀kọ́ ilé àwọn obìnrin yìí mà pọ̀ o.”

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá fúnra wọn ni wọ́n lọ síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ ara wọn padà. Kò rọrùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti dìde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ní ohun tí òun kọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa ẹbí kò ní gbàgbé wọn láé. Wọn kò kó àga jáde. Ibùsùn kíkán wá ibòmíràn gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá mú Àǹtí Kékeré lọ sí yàrá náà. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ, kò béèrè nǹkan kan. Àǹtí Kékeré jókòó sórí àga onítìmùtìmù, wọ́n sì sùn títí oòrùn fi yí láti fèrèsé kan dé èkejì. Ìwòsàn kò parí lọ́jọ́ yẹn, ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún 1986 títí di 2009 tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Màmá kọ́ni ní yunifásítì náà, nínú ọ́fíìsì tí Ọ̀gá fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ kọ ìwé ìbéèrè tuntun, Ọ̀gá sì takú pé orúkọ Màmá ni yóò ṣíwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́ lọ́dọ̀ Màmá, ohun mẹ́ta ni yóò máa bi ara rẹ̀ títí ayé, ì báà ṣe ẹja ló ń rà: bí mo bá tún un ṣe, ṣé bákan náà ni yóò rí? Ṣé ohun tí mo rò pé mò ń wọ̀n ni mò ń wọ̀n? Ta ni kò sí níbí?

Ìbéèrè kẹta yìí fojú wa rí nǹkan nínú ẹbí. Bí a bá ṣe ìpàdé, tí ẹnu wa ti kò, tí àwọn kan ti ń wá bàtà wọn, Màmá a gbé ọwọ́ sókè. “Àwọn tí ò wá ńkọ́?” A ti tìtorí ìyẹn sún ọjọ́ ìgbéyàwó kan síwájú rí, inú sì bí wa dé góńgó. Nígbà tí a lọ bi àwọn tí kò wá, a rí i pé ìyàwó fúnra rẹ̀ wà lára wọn, ọjọ́ tí a dá kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Ní ìgbìmọ̀ òbí ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò àti ní ẹgbẹ́ àwọn onílé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ sìn. Kò sí alága tí kò bẹ̀rù ọwọ́ Màmá.

Onígbàgbọ́ tí kì í pariwo ni Màmá. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohùn wọn máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti àwọn yòókù, kì í sì í kúrò níbẹ̀. Adarí orin ní ó kéré tán òun mọ ibi tí òun ti máa bá wọn. Ẹnì kan bi wọ́n rí pé báwo ni ẹni tó ń yẹ ohun gbogbo wò ṣe lè gba ohun tí a kò rí gbọ́. Màmá ní ohun tí a kò rí ni àwọn fi gbogbo ayé àwọn ṣiṣẹ́ lé lórí, báwo ni àwọn ṣe máa wá sọ pé kò sí.

Bàbá wa ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2015. Àìsàn dé sí Màmá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, nínú yàrá wọn, pẹ̀lú ọwọ́ Àǹtí Kékeré nínú ọwọ́ wọn, wọ́n mí, wọn kò tún mí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi Àǹtí Kékeré sáyé, àbúrò tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: àkọ́bí wọn ọkùnrin tó jogún ilé ìtẹ̀wé, ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, àti àbíkẹ́yìn wọn, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, tí Màmá máa ń bi pé àwọn aláìsàn tí kò wá ńkọ́. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ sáyé, àti ọmọkùnrin Àǹtí Kékeré, tí òun náà ti di baba ọlọ́mọ, tí wọ́n ń pè ní ọmọ tiwọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò lóǹkà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Àwa ẹbí lọ sí ilé ìwòsàn àwọn abiyamọ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ti yàrá ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn pa ní ọjọ́ ìsìnkú yìí, kí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè wá, kó sì jẹ́ ẹ̀yẹ fún Màmá. Nọ́ọ̀sì tó ń jókòó níbẹ̀ báyìí fetí sílẹ̀ títí a fi sọ tán. Ó ní: “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Bí a bá tì í lọ́jọ́ yẹn, báwo la ṣe máa mọ ẹni tó wá tí kò bá wa?” A dúpẹ́, a sì jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá wo àárín wa tí ẹ kò rí nọ́ọ̀sì náà níbi ìsìnkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bínú sí i. Ó wà ní ibi tí Màmá fẹ́ kó wà.

Ẹ̀yin tí ẹ wá oorun fún ìyá tí kò rí oorun, kí ilẹ̀ tẹ́ yín lára, kí oorun yín dùn. Ẹ sùn re o, Màmá wa.